Ṣé Kóòtù Lè Ní Kó Má Dé Ṣọ́ọ̀bù Mi Mọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Aránṣọ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo kó kúrò lọ́dọ̀ bàbá àwọn ọmọ mi, ilé bàbá mi ni mo wà pẹ̀lú ọmọ méjì. Ìdáná nìkan la ṣe, a ò dé rẹ́jísìrì. Láti ìgbà yẹn ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fọ́ gíláàsì, ó já wáyà iná, ó bú mi níwájú àwọn oníbàárà. Lóru, á máa pè mí pé òun á da ásíìdì sí mi lójú. Mo lọ bá ọlọ́pàá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ká lọ yanjú ẹ̀ nílé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n lọ gba restraining order. Bàbá mi ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà ní Èkìtì níbí? Ṣé ìwé lásán lè dá irú ọkùnrin yìí dúró? Bí mo bá gbà á, ṣé mo ti kọ̀ ọ́ nìyẹn?"

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ásíìdì yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ kó tó máa dúró de ìwé kóòtù. Kí ẹnì kan máa halẹ̀ pé òun á ṣe ẹlòmíràn léṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin, bí kò tilẹ̀ tíì gbé ọwọ́ rárá. Ẹ padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu lásán lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sínú ìwé, ẹ kọ ọ́ sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan kí ẹ mú un padà wálé. Ó rọrùn fún ọlọ́pàá láti sọ fún obìnrin tó dúró níwájú káńtà pé kó lọ yanjú ẹ̀ nílé. Kì í rọrùn bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ìwé bá ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́. Bákan náà, ẹ má dá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iṣẹ́ ọdún yòówù kó wà lórí máṣíìnì.

Ó wá kan ìbéèrè yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà ní Èkìtì, ó sì ti pẹ́ tó ti wà.

Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń pè ní restraining order ni àṣẹ tí kóòtù pa fún ẹnì kan pé kó má ṣe nǹkan kan, kó má dé ibì kan, tàbí kó jáwọ́ nínú ohun tó ti bẹ̀rẹ̀. Òbí gbogbo irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwa lọ́yà ń pè ní injunction. Èyí tó jẹ mọ́ ìwà ipá láàárín ọkọ àti aya, tàbí láàárín àwọn tó ti jọ gbé rí, ni òfin ń pè ní protection order. Èmi á máa pè é ní àṣẹ ààbò. Àwọn àgbà ti mọ ìdí rẹ̀ kí kóòtù òyìnbó tó dé: igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹjọ́ ọ̀daràn ń bi ọkùnrin náà léèrè ohun tó ti ṣe. Àṣẹ ààbò ń dí ọ̀nà mọ́ ohun tó fẹ́ ṣe. Nítorí náà ni ẹ fi lè ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: kí ọlọ́pàá máa bá ọ̀rọ̀ gíláàsì tó fọ́ lọ, kí kóòtù sì máa sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́.

Èèyàn púpọ̀ nílẹ̀ wa ti mọ àṣẹ yìí láìmọ orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọ ilẹ̀ ẹbí yín, tó ń da búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, kóòtù lè ní kó dúró, kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà títí wọn yóò fi mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó títí ó fi kan páànù lé e, tó kó wọlé, tó ti ń gbé ibẹ̀, ẹ ti pẹ́ jù fún irú àṣẹ yẹn, nítorí kóòtù kì í dá ohun tó ti parí dúró. Ẹjọ́ mìíràn ni ẹ ó wá máa rò. Mo mú èyí wá torí mo rí i pé ẹ ti fara da á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Ní ti òfin tó gbé e dúró: lóṣù kọkànlá ọdún 2011, nígbà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí jẹ́ gómìnà, ni Èkìtì ṣe òfin tó de ìwà ipá nítorí jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Ìyàwó rẹ̀, Erelú Bísí Fáyẹmí, wà lára àwọn tó fi gbogbo agbára tì í lẹ́yìn. Èkó ti ní tirẹ̀ lórí ìwà ipá inú ilé láti ọdún 2007. Wọ́n tún òfin Èkìtì yẹ̀ wò ní ọdún 2019, wọ́n sì fún un lágbára sí i. Ẹ ó rí àwọn tó ń pariwo lórí Facebook pé "VAPP Act 2015 ló dáàbò bò ọ́." Òfin gidi tó de ìwà ipá sí èèyàn ni o, Ààrẹ Jonathan ló fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Abuja ló wà fún. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ní Adó, òfin Èkìtì ni kí ẹ bi í léèrè. Lójú irú òfin yìí, ìwà ipá kò mọ sórí ìgbátí àti ẹ̀ṣẹ́. Ìhalẹ̀ wà níbẹ̀, títẹ̀lé èèyàn kiri wà níbẹ̀, bíba dúkìá èèyàn jẹ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n máa dí èèyàn lọ́nà oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wáyà iná tó já ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìbínú tọkọtaya. Ọ̀nà ọ̀fun yín ló fẹ́ dí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi àṣẹ yìí ṣòfò ni ìwé ìbúra. Kóòtù kò mọ̀ yín, kò sì tíì rí ọkùnrin náà rí. Ohun tí ẹ bá búra sí nìkan ni adájọ́ ní lọ́wọ́. Mo ti ka ìwé ìbúra tí wọ́n kọ báyìí: "Olùjẹ́jọ́ ń fìyà jẹ mí nígbà gbogbo, ó sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni adájọ́ fẹ́ fi ṣe? Ẹ wo èyí: "Lọ́jọ́ Jímọ̀ ìkẹyìn nínú oṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago méje àbọ̀ alẹ́, olùjẹ́jọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń gbé bùbá lé oníbàárà mi kan lára. Ó mú sísọ́ọ̀sì mi lórí tábìlì, ó fi gé wáyà tó lọ sí ara máṣíìnì, ó ní ọjọ́ tí òun bá padà wá, ara mi lòun máa gé. Ọmọ iṣẹ́ mi méjì àti oníbàárà náà wà níbẹ̀." Ẹni tó bá ka èyí ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó rí sísọ́ọ̀sì, ó rí àwọn ẹlẹ́rìí, ó sì mọ̀ pé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lè padà wá. Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí, kí ẹ fi ìgbà kọ̀ọ̀kan tó wá sí ojú ewé tirẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tó ṣe, ohun tó sọ gan-an bó ṣe sọ ọ́, ẹni tó wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ má fi kún un. Ìbúra èké jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, bí wọ́n bá sì gbá yín mú nínú irọ́ kékeré kan, wọn ò ní gba òótọ́ ńlá yín gbọ́ mọ́.

Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ o, bó ti wù kó rí yín lára tó. Àwọn kan máa ń pa á rẹ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ ya àwòrán wáyà àti gíláàsì náà kí ẹ tó tún un ṣe. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ohun tó ti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà jáde ní kóòtù, ṣùgbọ́n abala 84 rẹ̀ ní àwọn ohun tó ń béèrè, pàápàá ìwé ẹ̀rí tó sọ ẹ̀rọ tó ti jáde àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́yà yín ló máa ṣe ìyẹn. Tiyín ni pé kí fóònù náà má sọnù.

Bí ìwé bá ti pé, lọ́yà lè lọ síwájú adájọ́ láìjẹ́ pé ọkùnrin náà wà níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú. Èyí ni ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: báwo ni wọ́n ṣe máa dájọ́ lẹ́yìn ẹni? Wọn ò dájọ́. Àṣẹ onígbà díẹ̀ ni, ọjọ́ tí òun náà máa wá sọ tẹnu rẹ̀ sì máa ń tẹ̀lé e láìpẹ́. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti là á mọ́lẹ̀ láti ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Kotoye àti Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, pé ohun tó jẹ́ kánjúkánjú lóòótọ́ nìkan ni wọ́n lè torí ẹ̀ pa irú àṣẹ yẹn, àti pé kò gbọdọ̀ di ohun tí wọ́n ń fi de ọwọ́ ẹnì kejì títí ayé. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn tọkàntọkàn, èmi tí mo ń gba àṣẹ yìí fún àwọn obìnrin. Mo ti rí i tí wọ́n fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé èèyàn jáde nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún ìjókòó kejì, ẹ rí i pé ẹ dé kóòtù ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá yọjú, àṣẹ náà lè fọ́.

Àṣẹ náà lè gbòòrò ju "má súnmọ́ ọn" lọ. Kóòtù lè ní kó má dé ilé bàbá yín, kó má dé ṣọ́ọ̀bù, kó má pè, kó má tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, kó má rán ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò rẹ̀ wá ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣe. Ọ̀rọ̀ rírán èèyàn yìí ṣe pàtàkì, ẹ má jẹ́ kí lọ́yà gbàgbé ẹ̀. Kóòtù lè sọ bó ṣe máa rí àwọn ọmọ: ibo, ọjọ́ wo, ta ló máa mú wọn lọ. Ẹ ronú sí ìyẹn kí ẹ tó dé kóòtù, nítorí ọ̀nà àwọn ọmọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà padà wọlé. Bí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, ẹ lè sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni kí ó ti máa rí wọn. Ẹ sì bẹ kóòtù kó kọ ọ́ sínú àṣẹ náà gbangba pé kí ọlọ́pàá mú un bó bá rú u. Gbólóhùn kan ni, àmọ́ òun ni ẹ ó máa fi han ọlọ́pàá tó bá tún ń sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ni.

Mo wá dé orí ìbéèrè yín tó wúwo jù: ṣé ìwé lásán lè dá a dúró?

Ìwé tí kò kúrò lọ́wọ́ yín kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gba àṣẹ fún obìnrin kan, inú wa dùn, ó mú ìwé rẹ̀ lọ sílé, ó fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pè mí ní òru: "Lọ́yà, ìwé yín ò ṣiṣẹ́ o, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà." Nígbà tí mo tú ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kò sẹ́ni tó fún ọkùnrin náà ní àṣẹ yẹn. Èmi rò pé bélíìfù ti lọ, bélíìfù ń dúró de ẹni tó máa júwe ilé fún un, obìnrin náà sì rò pé kóòtù ti parí iṣẹ́. Ìwọ̀sí tó jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Láti ìgbà náà, n kò kúrò ní kóòtù láìmọ ọjọ́ tí bélíìfù máa lọ àti ẹni tó máa bá a lọ júwe ilé.

Bélíìfù ni akọ́dà kóòtù. Òun ló gbọ́dọ̀ fi ìwé lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, kó sì padà wá búra pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Bí ọkùnrin náà bá ń sá fún bélíìfù, kóòtù lè gbà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kó sì jẹ́ bí ẹni pé ó ti gbà á lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ gba ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí pé òótọ́ ni, bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ DPO, ọ̀kan sí iléèwé àwọn ọmọ, ọ̀kan sí ọwọ́ bàbá yín, ọ̀kan sínú báàgì yín. Ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Amẹ́ríkà ń gbé níbi tí ọlọ́pàá ti lè tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà kó sì rí àṣẹ tó wà lórí èèyàn. Níbí, ẹ̀dà tó wà nínú báàgì yín ni kọ̀ǹpútà yẹn.

Bó bá gbà á lọ́wọ́ bélíìfù tó sì tún wá ńkọ́? Ẹ pe ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé kékeré yín, kí ẹ sì pe lọ́yà. Lọ́yà lè gba Fọ́ọ̀mù 48 ní kóòtù, èyí tó ń kìlọ̀ fún un pé ẹ̀wọ̀n ló wà níwájú ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ. Bó bá kọ etí dídi sí ìyẹn, Fọ́ọ̀mù 49 ló kàn, kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Kóòtù kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Láyé ìjọba ológun, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé Ojúkwu kúrò nínú ilé ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba sá lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pé kí wọ́n dá àṣẹ yẹn dúró fún àwọn, wọ́n kọ̀ ní ọdún 1986, wọ́n ní ẹni tó tàpá sí òfin kò lè máa bẹ òfin fún ìrànlọ́wọ́. Sójà ló wà lórí oyè nígbà náà o. Bí kóòtù bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún gómìnà tó ní ìbọn, bàbá àwọn ọmọ yín kò tóbi jù fún un.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ìwé kóòtù máa ń mú orí wọn wálé, pàápàá ẹni tó ní iṣẹ́ ìjọba tàbí orúkọ tó fẹ́ dáàbò bò. Àwọn kan sì wà tí ìbínú wọn máa ń ru sókè lọ́sẹ̀ tí ìwé bá dé ọwọ́ wọn. Ẹ kà á sí pé tiyín lè jẹ́ irú ìkejì. Lọ́sẹ̀ tí bélíìfù bá lọ, ẹ má sùn níbi tó rò pé ẹ máa wà, kí ọmọ iṣẹ́ tàbí àbúrò máa bá yín dé ilé. Ẹ̀yin náà, ẹ má pè é wá. Mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ẹ gba ọwọ́ ìyá rẹ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá pè é wá jẹ iyán nílé, lọ́yà tirẹ̀ á tẹ́ ẹ síwájú adájọ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ kò bà yín.

Àṣẹ ààbò kò tú ìgbéyàwó ká. Ìyàwó rẹ̀ ni ẹ ṣì jẹ́ lójú àṣà títí ẹ ó fi lọ tú u. Nígbà tó jẹ́ ìdáná nìkan ni ẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ ló máa gbọ́ ìyẹn, ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ ni. Ká ní rẹ́jísìrì ni, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni ẹ ò bá lọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ̀ ọ́, tó jẹ́ pé kó kàn fi yín lọ́rùn sílẹ̀ ni, ẹ lè gba àṣẹ yìí nìkan.

Owó kò gbọdọ̀ dá yín dúró. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, FIDA, ní Adó, tàbí Legal Aid Council tó ń gba ẹjọ́ rò fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin náà wà. Ẹ mú ìwé kékeré yín, fóònù, àti ẹ̀dà ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá lu òǹtẹ̀ sí lọ́wọ́. Tó bá ti ṣe yín léṣe rí, ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàbá. Òwe tí wọ́n pa kò burú, àmọ́ ẹni tí èèyàn fẹ́ bá padà ṣọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pa á fún. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ásíìdì. Àti pé ilé wọn ni ẹ̀ ń gbé. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù lóru, tàbí wọ́n ti rí i lẹ́nu ọ̀nà, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ìwé ìbúra àgbàlagbà tó sọ pé "mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi" máa ń wúwo lọ́wọ́ adájọ́ ju ìwé ọ̀rẹ́ márùn-ún lọ. Ẹ ní kí wọ́n bá yín dé Adó.